Bí a ṣe ń lẹ fíníà olódòdó tó ti ṣí lára àpótí Faransé àtijọ́

Ẹ fi èékánná kan ojú àpótí náà jẹ́jẹ́, láti etí kan dé èkejì. Níbi tí fíníà bá ti lẹ̀ mọ́ igi abẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìró rẹ̀ á ki. Níbi tó bá ti ṣí, á máa dún bí ìgbà tí èèyàn ń kan igbá òfìfo. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ nìkan sì ni kí ọwọ́ yín dé.

Àpótí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní commode: onídúróọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, òkúta mábù lórí, idẹ aláwọ̀ wúrà ní igun àti etí. Awẹ́ igi pẹlẹbẹ olóríṣiríṣi àwọ̀, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní fíníà, ni wọ́n fi to òdòdó, ewé àti ìtàkùn sí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Marqueterie ni wọ́n ń pe ọnà náà ní Paris. Bí tábìlì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù ni tiyín, ọ̀nà kan náà ni.

Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀: ohunkóhun tí ẹ bá ṣe sí i, ó gbọ́dọ̀ ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú láìba igi àtijọ́ jẹ́. Àpótí yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí igba ọdún. Ẹlòmíì á tún un ṣe lẹ́yìn yín.

Ohun tó wà lábẹ́ òdòdó náà

Igi abẹ́ sábà máa ń jẹ́ óòkù tàbí páìnì. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè ló wà lórí rẹ̀, fíníà wà lórí gọ́ọ̀mù, fáníṣì tàbí ìda wà lókè pátápátá. Nínú àpótí tí wọ́n ṣe nígbà Louis 15 àti Louis 16, ìyẹn láàárín 1715 sí 1792, ayùn ọwọ́ ni wọ́n fi ń la fíníà, ó sì máa ń tó mílímítà 1 sí 2 ní nínípọn. Fíníà tí ẹ̀rọ ń gé lónìí kì í ju bíi 0.6 lọ. Ẹ rántí ìyàtọ̀ yìí. Ó máa wúlò nígbà tí a bá dé orí ewé tó sọnù.

Igi aláwọ̀ òdòdó tó ní ìlà pupa àti ìyeyè ni bois de rose. Èyí tó dúdú pọ́nràn-ún ni bois de violette. Brazil ni wọ́n ti ń kó méjèèjì wá. Amarante, tó máa ń di àwọ̀ elésè àlùkò bí atẹ́gùn bá ti kàn án lẹ́yìn tí wọ́n là á, wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà bákan náà. Fún òdòdó fúnra rẹ̀, igi funfun bíi holly, buìs tàbí sycamore ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ewé tí ẹ rí tó dà bí àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ lónìí, ewé tútù yọ̀yọ̀ ni nígbà kan. Ìmọ́lẹ̀ ló jẹ àwọ̀ náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ wo abẹ́ idẹ tí ẹ bá tú, tàbí ẹ̀yìn awẹ́ tó bá já: ewé àti búlúù ìgbà náà ṣì máa ń wà níbẹ̀, ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu.

Jean-François Oeben àti Jean-Henri Riesener wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn gún jù nínú iṣẹ́ yìí. Tábìlì ìkọ̀wé ọba tí Oeben bẹ̀rẹ̀ ní 1760, tí Riesener parí ní 1769 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣì wà ní ààfin Versailles. A kò ní retí pé kí irú rẹ̀ bọ́ sí yín lọ́wọ́, àmọ́ ẹ wá àmì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá máa ń wà lára igi abẹ́ mábù, tàbí lẹ́yìn àpótí, tí wọ́n fi irin lù wọ inú igi, pẹ̀lú lẹ́tà JME tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ àga Paris. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba kò sí lábẹ́ òfin àmì yìí, ayédèrú àmì sì wà, nítorí náà àmì nìkan kò tó ẹ̀rí. Síbẹ̀, bí ẹ bá rí i, ẹ gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ ná, kí ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú irú ẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Àwọn tó sábà máa ń bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ nínú ọjà gbàǹjo ní London tàbí Paris ni èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1850, tí wọ́n fi fara wé ti àtijọ́, àti iṣẹ́ ìlú Nancy láti ọwọ́ àwọn bíi Émile Gallé àti Louis Majorelle ní nǹkan bí 1900. Fíníà wọn fẹ́lẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Kò sí àyè fún kí ẹnikẹ́ni máa họ ọ́ tàbí fi sáńpépà rin ín.

Ìdí tí fíníà fi ń ṣí

Igi máa ń fẹ̀, ó sì máa ń sún kì ní ìbú, kì í ṣe ní gígùn. Óòkù abẹ́ ń sún síhìn-ín, awẹ́ òdòdó tí ojú igi rẹ̀, ìyẹn ìlà inú igi, kọ sí ibòmíràn kò bá a lọ, gọ́ọ̀mù àárín wọn á já. Hítà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nílùú òtútù: atẹ́gùn ilé á gbẹ táútáú ní oṣù Kejìlá, òdòdó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé etí sókè ní Kejì. Omi ìkòkò òdòdó tó dà sílẹ̀ ń fà á, oòrùn ojú fèrèsé ń fà á. Bí ó bá jẹ́ pé ìlà gígùn kan ló ṣí, láti òkè dé ilẹ̀, igi abẹ́ ló là níbẹ̀. Lílẹ fíníà nìkan kò ní tó, ìlà náà á tún yọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ gbé mábù kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀yin méjì ó kéré tán, kí ẹ sì gbé e ní ìnàró bí ìgbà tí wọ́n ń gbé gíláàsì fèrèsé. Mábù tí wọ́n bá gbé ní ìtẹ́jú lè fi ara rẹ̀ já sí méjì. Ẹ yọ àwọn dúróọ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà sára wọn.

Ẹ tú idẹ tó wà nítòsí ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀. Ìdè kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìṣó yíyí tó di idẹ mú, ní ihò tirẹ̀, nítorí náà ẹ gún àwọn ìdè náà sórí páálí tí ẹ ti ya àwòrán idẹ sí, kí oníkálukú padà sí ojú ihò rẹ̀. Ẹ má fi ìpara ìdán idẹ kan èyíkéyìí nínú wọn láéláé. Wúrà tó wà lójú idẹ náà fẹ́lẹ́ gan-an, ìpara á họ ọ́ lọ, omi rẹ̀ á sì wọnú igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á funfun síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá lórí igi. Gbogbo ibi tó wú á ní òjìji. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ tẹ́ bébà tí ojú lè rí abẹ́ rẹ̀ sórí àpótí náà, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí gbogbo ibi tí èékánná gbọ́ ìró òfìfo. Ẹ má sàmì sórí igi fúnra rẹ̀. Awẹ́ tó bá já bọ́, bó ti wù kó kéré tó, kí ó wọ àpò ìwé pẹ̀lú àkọlé ibi tó ti já. Ọ̀pọ̀ ewé ló sọnù torí pé ẹni tó ń fi aṣọ nu eruku kó o dà nù.

Gọ́ọ̀mù awọ

Gọ́ọ̀mù tí ẹ ó lò ni irú èyí tí wọ́n fi ṣe é. Gọ́ọ̀mù funfun inú ike kò yẹ níbẹ̀, èyí tó ń lẹ ní ìṣẹ́jú àáyá tilẹ̀ burú jù: méjèèjì ń dí ojú igi, gọ́ọ̀mù awọ kò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ tú u lẹ́yìn yín á fa òdòdó ya. Gọ́ọ̀mù awọ ń tú pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ooru, kódà lẹ́yìn igba ọdún.

Ẹ wọn gọ́ọ̀mù awọ gbígbẹ 100 gíráàmù sínú 200 gíráàmù omi tútù, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Á wú, á sì dà bí jẹ́lì. Ẹ gbé agolo rẹ̀ sínú ìkòkò omi gbígbóná, kí ẹ má gbé e lé iná tààrà, kí ẹ sì ki ohun ìwọ̀n ooru bọ̀ ọ́. 60°C ni a fẹ́. Bó bá kọjá 65 tó sì pẹ́ níbẹ̀, agbára rẹ̀ á máa dín, títí kò fi ní mú nǹkan kan mọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì bù ú sókè: kí ó máa ṣàn bí okùn láìjá, kó tó wá máa kán. Bó bá ń já ní kókó, ó ki. Ẹ fi omi gbígbóná síbí kan sí i. Bó bá ń dà bí omi, ẹ jẹ́ kó gbé omi díẹ̀ nù. Èyí tó bá ṣẹ́kù lè wà nínú fíríìjì fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ti ń rùn bí ẹran tó ti bàjẹ́, ẹ dà á nù.

Lílẹ̀ ẹ́ padà

Ẹ jẹ́ ká mú òdòdó rósì kan tí petàlì rẹ̀ méjì, ìyẹn awẹ́ òdòdó, ti gbé etí sókè, tí ọ̀bẹ tó fẹ́lẹ́ sì lè wọ abẹ́ wọn.

1. Ẹ gbọn eruku abẹ́ rẹ̀ jáde. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò mú, èyí tí àwọn ayàwòrán fi ń po ọ̀dà, ló dára jù. Ẹ ki í bọ̀ ọ́ láìgbé petàlì sókè ju bó ti gbé ara rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá wọ́ ọ, á ṣẹ́. Ẹyọ yanrìn kan péré tó bá kù lábẹ́ á di kókó sójú òdòdó.

2. Ẹ dán fáníṣì wò. Ẹ kán omi kan sí ibi tí kò hàn, kí ẹ dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣẹ́lákì, irú fáníṣì kan tí wọ́n ń fi sípíríìtì pò, ẹ ó sì máa nu omi kíákíá níbi gbogbo.

3. Ẹ fa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú sírínjì abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, kí ẹ kán ẹyọ méjì sábẹ́ petàlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ á rọ̀. Ẹ rọra tẹ petàlì, omi dúdú á yọ létí rẹ̀. Ẹ fi òwú fà á. Bí omi náà bá ń fà lọ́wọ́ bí ilá, gọ́ọ̀mù àtijọ́ ṣì dára, ó tiẹ̀ lè tó láti mú un padà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ló ń jáde, ó ti kú. Ẹ máa fọ ọ́ títí yóò fi mọ́.

4. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbóná ibẹ̀ díẹ̀ láti òkèèrè, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí ọwọ́. Ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fò nìyí. Gọ́ọ̀mù 60°C tó bá bá igi tútù pàdé á di jẹ́lì kí kíláǹpù, irin tí wọ́n fi ń há nǹkan pọ̀, tó dé, kò sì ní lẹ̀.

5. Ẹ fi sírínjì tàbí ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ki gọ́ọ̀mù bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fà á síwá-sẹ́yìn títí dé ibi tó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ láti àárín wá sí etí, kí atẹ́gùn jáde.

6. Ẹ tẹ́ ọ̀rá aláìlẹ̀mọ́ra sórí rẹ̀, lẹ́yìn náà pákó pẹlẹbẹ tí ẹ ti yá sí ooru tí ọwọ́ lè gbà, lẹ́yìn náà kíláǹpù. Bébà ìròyìn kò dára, yíǹkì rẹ̀ á tẹ̀ mọ́ holly funfun. Níbi tí àpótí bá ti tẹ̀ kọdọrọ, pákó kò wúlò: ẹ rán àpò aṣọ kékeré, kí ẹ kó yanrìn lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, á gba ìrísí ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wá fi pákó tẹ àpò náà. Ẹ fún un mọ títí ìlà gọ́ọ̀mù tín-ín-rín á fi yọ yí ká. Bí ẹ bá fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo gọ́ọ̀mù á sá jáde, ebi á sì pa abẹ́ rẹ̀.

7. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, gọ́ọ̀mù tó yọ á ti dà bí jẹ́lì. Ẹ ká a kúrò, kí ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin tí ẹ ti fún gbẹ nu ibẹ̀. Kíláǹpù á wà níbẹ̀ fún wákàtí 24.

Nígbà mìíràn, àárín òdòdó ló wú bí ojú iná tó léròrò, tí kò sí etí tí ọ̀bẹ lè gbà wọlé. Ẹ lo abẹ tuntun, kí ẹ là á lójú ìlà tí àwọn awẹ́ igi méjì ti pàdé. Bí kò bá sí ìlà nítòsí, ẹ tọ ojú igi lọ, mílímítà mẹ́wàá ó tó. Ẹni tó bá gé e ní ìdábùú ti fi àpá sí i títí ayé.

Bí petàlì bá yẹ̀ kúrò lójú ààyè rẹ̀ lábẹ́ kíláǹpù, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ tún un gbóná, ẹ fi omi sí i, á tú, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ewé tó sọnù

Ihò tí ewé fi sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ewé tuntun ni ẹ ó gé kó bá ihò mu. Ẹ kò gbọdọ̀ gé ihò kó bá ewé mu, kódà bí etí rẹ̀ bá rí ṣákáṣàka. A mọ̀ pé ó gba àkókò. Àwọn tó ṣe àtúnṣe burúkú láyé àtijọ́ máa ń gún ihò náà ní onígun mẹ́rin kó lè rọrùn fún wọn, a sì ń rí onígun mẹ́rin náà láàárín òdòdó títí dòní.

Ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ sórí ihò, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì rírọ̀ pa á. Etí ihò á yọ. Ẹ lẹ bébà náà mọ́ igi tí ẹ yàn, kí ojú igi náà sì dojú kọ ibi tí ti àtijọ́ dojú kọ. Ẹ wá fíníà tí wọ́n fi ayùn là, tó nípọn bí ti àtijọ́. Bí ẹ kò bá rí, ẹ lẹ méjì pọ̀. Fún bois de rose àti bois de violette, àlòkù inú àwọn àga tó ti bàjẹ́ tán ló dára jù: láti 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo igi àti ẹranko tó ń tán lọ, ti mú gbogbo igi ìdílé Dalbergia, tí méjèèjì jẹ́ ara rẹ̀, sábẹ́ ìwé àṣẹ nígbà tí wọ́n bá ń kọjá ẹnubodè. Ẹ bo imú bí ẹ bá ń gé wọn, eruku wọn ń ta awọ àti ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ fi igi náà sáàárín awẹ́ pákó méjì tí kò wúlò, kí etí rẹ̀ má bàa fọ́n. Ayùn olókùn irin tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ nọ́ńbà 2/0, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gé e sẹ́yìn ìlà díẹ̀, kí ẹ wá fi fáìlì dín in kù.

Òjìji tó jẹ́ kí petàlì dà bí èyí tó ká wọnú, yanrìn gbígbóná ló ṣe é, bíi yanrìn tí wọ́n fi ń yan ẹ̀pà. Ẹ da yanrìn kúnná gbígbẹ sínú agbada irin, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú 20. Ìsàlẹ̀ yanrìn gbóná ju òkè lọ, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi ń dúdú létí tó sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ẹ fi àjẹkù igi kan náà dán an wò kọ́kọ́, kí ẹ máa kà: láàárín 8 sí 15 ni ó sábà máa ń dé àwọ̀ ẹ̀pà yíyan. Bó bá dúdú ní kíá, yanrìn ti gbóná jù, ojú nìkan ló jóná, àwọ̀ náà á sì bá irin tí ẹ ó fi họ ojú rẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Bó bá pẹ́ jù, ó di èédú, etí rẹ̀ á máa rún. Igi máa ń sún kì nínú yanrìn, nítorí náà ẹ fi ọ̀rinrin nù ún, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ nǹkan wúwo mọ́jú, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n mọ́ ihò ní ìkẹyìn.

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ rẹ ewé tuntun láró kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi wé ti àtijọ́ lójú fèrèsé ní ọ̀sán. Àwọ̀ tó ti ṣá ni kí ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe àwọ̀ ewé tútù tí ẹ rí lábẹ́ idẹ. Ẹ má ṣe tún àwọ̀ àtijọ́ ṣe láti bá tuntun mu.

Ẹ lẹ̀ ẹ́ bí a ti wí, kí ó ga ju àyíká rẹ̀ lọ bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá mílímítà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tó mú, tí wọ́n fi ń họ igi, rẹ́ ẹ, ẹ dúró níbi tó bá ti dọ́gba. Àwọn iṣan ewé àti ìlà petàlì ni wọ́n ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín, wọ́n á sì fi ohun dúdú dí i. Ìda tí ẹ pò mọ́ èédú kúnná á ṣe é.

Ìparí ojú rẹ̀

Ewé tuntun nìkan ló nílò ṣẹ́lákì: 50 gíráàmù nínú 500 mílílítà sípíríìtì, ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Ìyókù, ìda oyin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti tó, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún dán. Aṣọ tó ní ihò tàbí okùn tó yọ á há mọ́ etí petàlì, á sì fà á ṣí.

Ẹ da àwọn ìdè padà sí ihò wọn, kí ẹ má yí wọn le koko. Ẹ fi ìda àbẹ́là pa ojú igi tí dúróọ̀ ń gbà kọjá. Ẹ gbé àpótí jìnnà sí hítà, éésì àti oòrùn, níbi tí ọ̀rinrin atẹ́gùn ti wà láàárín 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun èlò kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kò wọ́n. Abẹ́ àpótí ni kí ẹ ti gbé e nígbàkigbà tí ẹ bá ń sún un, ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ mú bébà tí ẹ sàmì sí, kí ẹ tún fi èékánná kan àwọn ibi kan náà. Bí ibì kan bá tún ń dún bí igbá òfìfo, ẹ wo igi abẹ́ láti inú ilé dúróọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó ṣeé ṣe kí ó ti là, káfíńtà tó mọ óòkù àtijọ́ ni iṣẹ́ náà sì kàn.